Máṣíìnì Mi, Máṣíìnì Gbogbo Ìlú

Àwọn kan ní ọ̀nà gbágungbàgun ló ń ba alùpùpù jẹ́. Àwọn mìíràn ní epo bẹntiróòlù tí wọ́n lú ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Èmi tí mo ti ń gun alùpùpù láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú kirikiri, mo mọ ohun tó ń pa á. Àwọn tí kò ní alùpùpù ni.

Ọkùnrin tó bá ra alùpùpù níbi tí à ń gbé yìí, kò ra nǹkan kan fún ara rẹ̀. Gbèsè rẹ̀ nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn, ti ẹbí ni. Epo inú táńkì, ti ọ̀rẹ́ ni. Kọ́kọ́rọ́, ti àbúrò ìyàwó ni. Ohun tó kù fún oní-nǹkan ni kó máa fọ̀ ọ́ láàárọ̀ Sátidé, kí àwọn tó ni ín lè bá a ní mímọ́. Mo ti pa á mọ́ra títí, ikùn mi ti kún. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Tíṣà ni mí, tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ejìnrìn ni mo fi ṣe ilé. Ẹni tí kò bá mọ Ejìnrìn, kó gba ọ̀nà Ìkòròdú bí ẹni ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó ré Ìtóìkín kọjá, kó wá yà sọ́wọ́ ọ̀tún síhà ọ̀sà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tán tí omi bẹ̀rẹ̀, ó ti dé. Láyé àwọn baba ńlá wa, Ejìnrìn kì í wá ọkọ̀, ọkọ̀ ló ń wá Ejìnrìn. Àwọn oníṣòwò ń tukọ̀ láti Èkó wá ná ọjà wa, àwọn Ìjẹ̀bú ń ru epo pupa àti ẹrù oko wá pàdé wọn. Òwò etí ọ̀sà yìí dùn débi pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò wà lára ohun tó dá ogun sílẹ̀ láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Ìjẹ̀bú ní 1892. Lẹ́yìn náà ni rélùwéè gbéra láti Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ọkọ̀ ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí òwò ṣe kẹ́rù rẹ̀ bá wọn lọ nìyẹn, tó fi àwa àti omi sílẹ̀ ká máa wo ara wa lójú.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ rí ayé ní Ejìnrìn gbọ́dọ̀ jáde lọ bá títì. Bí kò bá fẹsẹ̀ rìn, yóò gun nǹkan. Ìdí rèé tí alùpùpù ẹnì kan ní àdúgbò wa fi jẹ́ ohun-ìní ìjọba ìbílẹ̀, àfi pé ìjọba ìbílẹ̀ kì í ra epo sí i.

Nígbà Udoji, ní 1975, tí ìjọba ṣí owó oṣù lọ sókè tí wọ́n sì kó owó ẹ̀yìn san pọ̀ fún òṣìṣẹ́, àwọn ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ tíṣà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ ra Honda. Èmi ṣì wà ní kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́. Ojú ni mo fi ń wò wọ́n, itọ́ ni mò ń gbé mì. Nígbà tó fi máa kàn mí, owó Udoji ti tán nílẹ̀. Owó ni mo yá, wọ́n sì ń já a nínú owó oṣù mi títí mo fi gbàgbé iye tí owó oṣù mi gan-an ń jẹ́.

Honda C70 ni. Awọ̀ búlúù, ike funfun tó bo ojúgun níwájú, ìjókòó dúdú tó ń dán. Lọ́jọ́ tí mo gbé e wọ̀lú, mo mọ̀ọ́mọ̀ rọra ń lọ kí gbogbo ènìyàn lè rí mi. Wọ́n rí mi lóòótọ́. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé, wọ́n ti ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n yìn ín kí n tó máa bínú lọ. Honda yẹn kì í bínú. Kíìkì kan péré, ó ti dáhùn. Epo tó ń mu kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kó gbóòórùn epo lásán, ó ti gbé yín dé Ẹ̀pẹ́. Ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ìyàwó mi mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Bí mo bá ń bọ̀ láti ìpàdé olùkọ́ lálẹ́, èmi ò tíì yọ sójú ọ̀nà tí Ìyá Ṣadé yóò ti gbé ọbẹ̀ kaná. Òun náà fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá lè di Honda fún ọ̀sẹ̀ kan, òun náà ìbá rí ẹni fi òróró pa òun lára.

Honda náà kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ni a fi ń pààrọ̀ jíà. Ní Jàpáànì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní 1958, wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn ọ̀gbẹ́ni Soichiro Honda ni pé kí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan wà á, kí ọwọ́ kejì máa gbé àwo. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá ọ̀gbẹ́ni náà sọ̀rọ̀ Ejìnrìn. Ọwọ́ mi kejì tó ṣófo yẹn ni àwọn ènìyàn mi rí. “Tíṣà, ẹ bá mi di garawa yìí mú.” “Tíṣà, ẹ bá mi mú àkùkọ yìí dání, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fò lọ o.” Mo ti fi ọwọ́ kan wa Honda dé Ìtóìkín rí, tí mo fi ọwọ́ kejì gbé àga ìgúnwà ìyàwó tuntun. Wọ́n ní kò sí alùpùpù tí wọ́n ṣe tó o láyé. Nígbà tó fi máa di 2017, irú rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ti pé 100 mílíọ̀nù. Mo gbà. Ohun tí kò yé mi ni bí 100 mílíọ̀nù ṣe wà láyé, tó jẹ́ pé orí tèmi ni gbogbo ayé jókòó sí.

Àbúrò ìyàwó mi ló fi ojú mi rí nǹkan. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ ìkíni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún.” Mo nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọjọ́ Ajé ni ìṣẹ́jú márùn-ún náà pé. Ike funfun ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnì kan sì ti fi wáyà bàbà rán an pọ̀, ó rán an dáadáa pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Dígí ọwọ́ ọ̀tún, róbótó ni mo rà á, onígun mẹ́rin ló bá bọ̀. Sálúbàtà ọmọdé kan, ẹsẹ̀ òsì, há sáàárín ṣéènì àti ìbòrí rẹ̀. Mo fa sálúbàtà yọ, mo gbé e sókè, mo wo ojú ọmọkùnrin náà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ó ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

Mo pariwo. Ariwo mi dé etí ìyá ìyàwó mi, àwọn náà sì wá. Màmá jókòó, wọ́n mumi, wọ́n tú gèlè, wọ́n tún un wé. Wọ́n ní, “Bàbá Ṣadé, mo gbọ́ pé nítorí irin, ẹ fẹ́ lé ọmọ mi wọgbó.” Èmi tí wọ́n ba nǹkan mi jẹ́, èmi ni mo dọ̀bálẹ̀. Mo ra kòkó fún Màmá, mo sì fi Honda náà gbé wọn padà sílé.

Ẹ sì fẹ́ mọ bí Honda ṣe kúrò lọ́wọ́ mi. Ọmọkùnrin yẹn náà ló fẹ́ gbéyàwó. Wọ́n pín ìnáwó, wọ́n ní ọkọ ẹ̀gbọ́n, tó tún jẹ́ oníṣẹ́ ìjọba, kò lè dá iye tí àwọn yòókù dá. Mo wò yíká ilé, kò sí ohun tó lè di owó kíákíá lẹ́yìn òun. Mo tà á. Ẹni tó fọ́ ike rẹ̀ ló fi owó rẹ̀ ṣe ìdána. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n wá mi wá, wọ́n ní ṣé n ò gbé máṣíìnì wá ni, pé ta ni yóò wá lọ gbé omi dídì.

Vespa ló tẹ̀ lé e, mo rà á lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Àwọn Ítálì ló ń ṣe é láti 1946, ó sì hàn pé ibi tí ọ̀nà wọn ti dán ni wọ́n ti ń gùn ún. Táyà rẹ̀ kéré, yanrìn etí ọ̀sà wa sì pọ̀. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún nìkan, nítorí náà apá ọ̀tún ló fẹ́ràn láti ṣubú sí. N kò fi bẹ́ẹ̀ bínú sí i, ó ní ọlá. Àwọn ènìyàn tí kì í yọ fìlà fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Ṣùgbọ́n iyì kò wá lásán. Bí wọ́n bá ń ṣe ìkówójọ, wọn kì í jẹ́ kí n jókòó lẹ́yìn mọ́: “Onífẹ́sípà, ẹ máa bọ̀ níwájú.” Pèpéle tó wà níbi ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú tún gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn kan rí i pé ó gba àpò gààrì. Àwọn mìíràn rí i pé ó gba ọmọ, ọmọ náà á dúró síbẹ̀, á gbá ọwọ́ mọ́ irin, á sì máa tẹ fèrè láti Ejìnrìn dé Odómọlá láìsinmi. Ọmọ aládùúgbò mi ni. Ó ti dàgbà, ó ti di agbẹjọ́rò. Kò yà mí lẹ́nu.

Mo ti fẹ́ràn gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, kò ní pẹ́ kí n tó dárúkọ rẹ̀. Suzuki A100. Pupa ni. Táńkì rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irin funfun ń dán lára sáílẹ́nsà rẹ̀ tí ẹ fi lè rí eyín yín níbẹ̀. Tú-sítúróòkì ni. Ọ́ìlì ń jóná pọ̀ mọ́ epo nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èéfín rẹ̀ fi búlúù díẹ̀, tó sì ní òórùn kan tí mo lè dá mọ̀ títí dòní bí ẹ bá fi aṣọ dì mí lójú.

Sátidé ni ọjọ́ tèmi àti òun. Mo máa ń tú pulọ́ọ̀gì rẹ̀ fúnra mi, n kì í jẹ́ kí mẹkáníìkì fọwọ́ kàn án. Dúdú á ti dì mọ́ ẹnu rẹ̀. N óò fi sáńpépà ha á títí irin yóò fi funfun, n óò fẹ́ ẹ, n óò ki abẹ ìfárí bọ àárín ẹnu rẹ̀ láti wò ó bóyá àyè ibẹ̀ fẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni n óò tú ìdí sáílẹ́nsà, n óò fa irin gígùn inú rẹ̀ yọ, n óò fi iná jó èédú ara rẹ̀ kúrò, n óò gbọ̀n ọ́n mọ́ òkúta. Bí mo bá tò ó pọ̀ tán, mo ṣí epo sílẹ̀, mo fa ṣóòkù, mo tẹ kíìkì. Pọ̀pọ̀pọ̀pọ̀! Inú mi á dùn débi pé n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀.

Kò sí ìgbà tí mo gbé ojú sókè tí n kò ní bá wọn lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n á ti jókòó, pẹ̀lú ẹrù lẹ́sẹ̀. “Ẹ fara balẹ̀ ṣe é, Tíṣà,” wọ́n á ní. “A ò kánjú.”

Ọdún tí nǹkan le ni ọdún Suzuki. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, owó oṣù wá di ohun tí a fi ń ra ọṣẹ. Ibi gbogbo ni òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi máṣíìnì tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ gbé èrò ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí ló kù tí n ò ní ṣe é. Mo bọ́ táì, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo dúró sí ojú ọ̀nà. Ìyá kan tó ń ta ẹja ló kọ́kọ́ gùn mí. Wọ́n gbé abọ́ ẹja sáàárín èmi àti wọn, omi ẹja ń kán sí mi nídìí láti Ejìnrìn dé Ìtóìkín. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbábọ́ lé orí.

“Màmá, owó yín ńkọ́?”

“Owó kí ni? Ṣé kì í ṣe ìwọ ni mo máa ń fún ní àkàrà nígbà tí o ń lọ sí iléèwé?”

“Màmá, ìgbà yẹn ti pẹ́.”

“Ṣé àkàrà náà ti jáde kúrò nínú rẹ ni?”

Mo ní kò jáde. Wọ́n ṣàánú mi, wọ́n na ẹja ẹpìyà kan sí mi. Mo dúpẹ́, mo ń wá ibi tí n óò so ó mọ́. Wọ́n ṣì dúró. Mo ní, “Màmá, kí ló kù?” Wọ́n ní, “Ṣéńjì mi ńkọ́? Ẹja yẹn ju owó ibí lọ.”

Bí òwò mi ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kú sínú iṣẹ́ ọ̀kadà, kó lọ ṣe é nílùú tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ẹni tí mo bá kọ́ lọ́mọ, kò ní sanwó nítorí mo kọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí n kò kọ́ lọ́mọ, kò ní sanwó nítorí mo kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Àlejò nìkan ló ń sanwó, àwọn àlejò kì í sì í wá. Síbẹ̀, Suzuki kò já mi kulẹ̀ rí. Òru ni mo fi gbé aboyún, òjò ni mo fi gbé aláìsàn, ó kù díẹ̀ kí wọ́n bímọ sí mi lẹ́yìn nígbà kan, baálé obìnrin náà ń sáré tẹ̀ lé wa pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń kígbe pé, “Tíṣà, ẹ yára! Tíṣà, ẹ rọra!” N kò mọ èyí tí n bá ṣe.

Àgbọ̀wà ni wọ́n ti jí i. Mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo gbé e sábẹ́ igi, mo fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ igi, mo ti ẹ̀wọ̀n pa. Nígbà tí mo jáde, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, igi náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí a dè ni kò sí.

Wọ́n wá kí mi kú ọ̀fọ̀. Ilé kún. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní Olúwa yóò fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò, mo ṣe àmín. Lẹ́yìn àmín, ìyá kan nu omijé nù. “Tíṣà, ta ni yóò wá máa gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ báyìí?” Ẹlòmíràn ní ti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ńkọ́, pé òun ti sọ fún àwọn àna òun pé àwọn ń bọ̀. Bàbá àgbà kan tó jókòó lápá ògiri, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, wá gún ọ̀pá wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, “Kò dáa bí ẹ ṣe ṣe é. Ẹ gbé máṣíìnì wa jáde, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Máṣíìnì wa. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Mo wo Ìyá Ṣadé pé kó gbè mí lẹ́sẹ̀. Ó ń mi orí, pẹ̀lú àwọn yòókù.

Jincheng ni mo tún rà lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí alùpùpù Ṣáínà gba ìgboro nítorí kò wọ́n. Ó fi ojú jọ Suzuki, ṣùgbọ́n ìwà kò jọ. Nígbà ayé rẹ̀ ni òfin akoto dé, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ẹni tó bá gun alùpùpù láìdé akoto yóò jẹ̀bi, àtẹni tó ń wà á àtẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ rántí bí àwọn ènìyàn ṣe dé igbá, tí wọ́n dé kẹ́ẹ̀gì ọ̀dà, tí wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n lójú títì káàkiri Nàìjíríà. Ní tèmi, mo ra akoto gidi méjì. Àwọn èrò mi kò fẹ́ ọ̀kan, wọ́n ní ta ló mọ orí ẹni tó ti dé e, ta ló mọ ohun tí wọ́n fi sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí wọ́n ṣe bẹ̀rù rẹ̀ lórí máṣíìnì mi tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá yá a bí wọ́n bá fẹ́ gun máṣíìnì ẹlòmíràn. Ọ̀kan lọ sí Ìkòròdú, kò padà. Ìyá Ṣadé ń fi èkejì wọn gààrì.

Jincheng náà kò sọnù lójijì bíi ti Suzuki. Díẹ̀díẹ̀ ló lọ. Nígbà yẹn gbogbo ènìyàn ló ti ní Jincheng, ohun tí kò sì sí lára tiwọn wà lára tèmi. “Tíṣà, ẹ yá mi ní pulọ́ọ̀gì yín, mo fẹ́ fi dé Kétu ni.” “Tíṣà, kábúrétọ̀ yín dá, mo máa dá a padà lálẹ́.” Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jáde síta, mo bá férémù àti táyà ẹ̀yìn. Ẹnì kan sì dúró ti táyà náà, ó ń yọ fìlà fún mi.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì sì yọjú, mo ra Bajaj Boxer tuntun. N kò gùn ún. Mo ní ọgbọ́n àgbà ni mo fẹ́ lò báyìí, mo gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó máa fi ṣiṣẹ́, kó máa mú owó wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó mú owó wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú àlàyé wá. Láti ìgbà náà, àlàyé ni mò ń kó pamọ́, mo ti ní àpótí kan. Mo kìlọ̀ fún un kó má kọjá Ìkòròdú. Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2012 ti lé ọ̀kadà kúrò lójú ọ̀nà 475. Ní oṣù Kejì ọdún 2020 wọ́n tún fún un mọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà wà lára wọn. Ẹ gbọ́ ibi tí ọmọ náà ti pè mí.

“Ìkẹjà? Kí ló gbé ọ dé Ìkẹjà?”

“Bàbá, èrò ló ní òun ń lọ síbẹ̀.”

Wọ́n gbé Boxer lọ, mo sì ti rí lórí tẹlifíṣàn ohun tí wọ́n ń fi irú wọn ṣe. Ẹ̀rọ ńlá kan á gun orí wọn, á sì tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ. N kò jẹ́ kí wọ́n tan tẹlifíṣàn nílé mi fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹbí ṣe ìpàdé lórí rẹ̀. Wọ́n dá ẹjọ́ pé bí mo bá ti ra mọ́tò fún ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tí yóò mú un.

Èmi rèé báyìí, n kò ní máṣíìnì. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo, iye tí wọ́n ń gbà láti ilé mi dé títì kò ṣe é sọ fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ọmọ tó ń wa Boxer yìí kì í gbé èrò kan ṣoṣo mọ́. Àárín ni wọ́n máa ń fi mí sí, nítorí mo tẹ́ẹ́rẹ́. Níwájú mi, ẹ̀yìn ọmọ tí n kò mọ ìgbà tó wẹ̀ gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn mi, obìnrin pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Lókè wa, orin tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ.

Lọ́jọ́ kan mo wo ojú ọ̀kan lára wọn, mo dá a mọ̀. Ọmọ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n bí sí mi lẹ́yìn lóru ni.

“Bàbá, ẹ fi igba náírà kún un.”

“Ìwọ! Orí Suzuki mi ni ìyá rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ọ!”

Ó bọ́ fìlà, ó tẹríba. “Màmá sọ fún mi, Bàbá. Ẹ ṣé gan-an ni.” Ó dé fìlà padà. “Ṣùgbọ́n epo ti wọ́n, sà.”

Mo san án. Àmọ́ inú bí mi débi pé mo ṣe ìpinnu kan. Honda C70 àtijọ́ kan wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìtóìkín. Ike rẹ̀ ti ṣá, ìjókòó rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n mo tẹ kíìkì rẹ̀, ó sì dá mi lóhùn. Àwọn ọmọ mi ti pariwo lórí fóònù pé orúnkún mi ńkọ́, ọjọ́ orí mi ńkọ́. N kò dá wọn lóhùn. Owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìyá Ṣadé nìkan ni mo sọ fún, lóru, lẹ́yìn tí mo ti ilẹ̀kùn pa, mo sì mú un búra pé kò ní yọ ọ́ sọ fún ẹ̀dá kan.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Aládùúgbò mi ni, ó ti wẹ̀, ó ti wọ agbádá, ó mú ìwé kékeré kan àti bírò dání.

“Tíṣà, ẹ kú oríire o. A gbọ́ pé máṣíìnì wa ń bọ̀. Mo ní kí n tètè wá forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ wo ló ṣì ṣófo?”

Kí n tó la ẹnu, Ìyá Ṣadé ti dá a lóhùn láti ilé ìdáná.

“Ẹ lè mú èyí tó wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má mú Ọjọ́bọ̀ o. Èmi ni mo ni Ọjọ́bọ̀.”